Ta ló sọ fún yín pé ọkọ̀ fáàrí ni hot rod?

Ẹ̀gbọ́n kan tún bẹ̀rẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ lọ́jọ́ Sátidé, ní Los Angeles níbí. A ń jẹ ìrẹsì wa jẹ́jẹ́, hot rod pupa kan, ìyẹn ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n yọ nǹkan lára ẹ̀ tí wọ́n sì tún ẹ́ńjìnì ẹ̀ ṣe, kọjá lójú títì, ariwo síléńsà ẹ̀ gba gbogbo àdúgbò, ni ẹ̀gbọ́n bá ní "òyìnbó kàn fi nǹkan yìí ṣe oge ni jàre, kò lè sáré." Gbogbo tábìlì ń gbè é lẹ́yìn. Ó ti sú mi.

Ẹ gbọ́, ohun tẹ́ ẹ̀ ń pè ní oge yẹn, eré ló bí i. Kí ogun àgbáyé kejì tó dé làwọn ọmọ California ti ń ra Ford àlòkù torí pé kò wọ́n, wọ́n á wà á lọ sí Muroc, adágún kan tó ti gbẹ nínú aṣálẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, wọ́n á wá tẹ iná mọ́ ọn. Ọdún 1937 ni wọ́n dá SCTA (Southern California Timing Association), ẹgbẹ́ àwọn tó ń sáré náà, sílẹ̀ kí eré náà lè lófin kí wọ́n sì máa fi aago wọ̀n ọ́n. Aago o, kì í ṣe dígí. Mọ́dígáàdì tí wọ́n yọ kúrò, kọ́kọ̀ lè fúyẹ́ ni. Òrùlé tí wọ́n gé kúrú, torí atẹ́gùn ni. Táyà ẹ̀yìn tóbi torí tó bá yí lẹ́ẹ̀kan péré ọkọ̀ á ti rìn jìnnà.

Ti ihò ara bọ́nẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Bàbá òyìnbó kan ládùúgbò mi ní Ford 1932, mo máa ń bá a tún un ṣe ní wíkẹ́ǹdì. V8, ẹ́ńjìnì onísílíńdà mẹ́jọ, tó bá ọkọ̀ yẹn jáde nígbà náà, horsepower 65 péré ni, wàhálà ẹ̀ sì ni pé èéfín gbígbóná máa ń gba inú bùlọ́ọ̀kù kọjá kó tó bọ́ síta, omi á wá máa hó. Lóṣù August kan a há sínú gosíló, bọ́nẹ́ẹ̀tì tí ò ní ihò ló wà lórí ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ká tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà omi ti ń tú yàà, èmi ọlọ́gbọ́n fi àkísà di ọmọrí rédíétọ̀ mú kí n ṣí i, ìka mi méjì bó. Ọ̀sẹ̀ kejì ni bàbá lọ lu ihò sí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wàhálà yẹn ò tán pátápátá, àmọ́ ó dín kù. Ẹ̀yin ẹ rí ìlà ojú, ooru ló ń gbabẹ̀ jáde.

Tẹ́ ẹ bá ṣì ń jiyàn, ẹ wo Bill Burke, ọ̀kan nínú àwọn tó ń sáré yẹn. Lọ́dún 1946, ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ló mú táńkì epo tí wọ́n ń so mọ́ bàálù ogun, ó ki ẹ́ńjìnì bọ̀ ọ́, ó so táyà mẹ́rin mọ́ ọn. Fáàrí wo ló wà nínú ìyẹn? Ó jọ ẹja tó ní ẹsẹ̀! Alex Xydias, eléré bíi tiẹ̀, náà ṣe ọkọ̀ táńkì tiẹ̀, nígbà tó fi máa di 1952 ó ti kọjá 198 máìlì láàárín wákàtí kan lórí pápá iyọ̀ Bonneville ní Utah.

Wọ́n ṣì ń sáré ní El Mirage, adágún gbígbẹ mìíràn ní California, dòní. Mo ti débẹ̀, eruku wọ̀ mí léyín, mi ò gbọ́ kẹ́nì kan béèrè ọ̀dà ẹnì kankan, "mélòó lo sá?" ni gbogbo ọ̀rọ̀ wọn.

Ẹ má fi Mercury 1949 tí wọ́n rẹ̀ sílẹ̀ gbọlọjọ dá mi lóhùn, custom nìyẹn, èyí tí wọ́n tún ṣe torí ẹwà, ẹbí ni wọ́n ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni. Àwòrán iná lára ọkọ̀ àti kírómù, mi ò ráyè ìyẹn. Ó dáa, àwọn kan wà tí wọ́n ń fi tírélà gbé tiwọn lọ síbi ìpàtẹ tí táyà ẹ̀ ò kan títì rí, mo gbà.

Ti bàbá ládùúgbò mi, páráímà dúdú, ọ̀dà àkọ́kùn lásán, ló ṣì wà lára ẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí. Owó ọ̀dà ló fi ra kábúrétọ̀ Stromberg méjì.