Ilé Ni A Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá, mo bá ọ̀dọ́mọkùnrin méjì nídìí kànga ẹ̀rọ àdúgbò wa. Ọ̀kan gbé garawa sítáàṣì lọ́wọ́, èkejì ń lẹ pósítà mọ́ ara àgbá omi. Ẹni tó wà nínú àwòrán náà kò ṣàjèjì sí mi: kánsẹ́lọ̀ wa ni, ẹni tí kò tí ì lo ọdún méjì lórí àga, tó wá ń sọ fún wa báyìí pé Àbújá ni òun ń lọ, kí a fi òun ránṣẹ́ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin. Òun kan náà ló ṣí kànga yìí. Ó gé ríbọ́ọ̀nù, a pàtẹ́wọ́, omi yọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀rọ sì dákẹ́. Ìdajì ríbọ́ọ̀nù pupa náà ṣì so mọ́ ẹnu ẹ̀rọ títí di òní, oòrùn ti pa á láró dà, ìyá kan ládùúgbò sì ti sọ pèpéle sìmẹ́ńtì ibẹ̀ di ibi tó ń sá èlùbọ́ sí. Mo bi àwọn ọmọ náà bóyá wọn kò rí ibòmíràn lẹ̀ ẹ́ mọ́ ni. Wọ́n ní, "Bàbá, ibi tí èrò ti ń pọn omi ni wọ́n ní ká lẹ̀ ẹ́ sí." Èrò wo? Ìyá elélùbọ́ nìkan ló wà níbẹ̀.

Àwọn àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí kò bá ní ìlẹ̀kẹ̀ nínú àpótí, ọrùn òfìfo ni yóò gbé dé ojú agbo. N kò ní í tú òwe náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn olóṣèlú wa ti yí i po, òde ni wọ́n ń sáré lọ kó ẹ̀ṣọ́, ilé sì di ibi tí wọ́n ń rántí nígbà tí ìbò bá tún kù sí dẹ̀dẹ̀.

Fìlà Awólọ́wọ̀ ni kánsẹ́lọ̀ wa dé nínú pósítà náà, ó sì wọ awò ojú róbótó mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ pé fìlà nìkan ni a ń jogún, ẹ̀rù ì bá má bà mí. Ẹni tó ni fìlà, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, di mínísítà fún ìjọba ìbílẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní ọdún 1952, ìjọba ìbílẹ̀ kan náà tí ọmọ wa yìí kò fẹ́ fi ìdí kalẹ̀ sí. Ó di Prẹ́míà, olórí ìjọba ẹkùn náà, ní 1954. Ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ tó wà nílé ìwé ní ọdún náà sì lé ní 800,000. Ìyá mi wà lára wọn. Kò ní ìwé ọjọ́ ìbí, nítorí náà tíṣà ní kí ó na ọwọ́ ọ̀tún kọjá orí, kí ó fi kan etí òsì. Ọwọ́ kò dé e. Bàbá rẹ̀ ní ṣùkú tí wọ́n dì fún un ló ga jù. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì, ó tú irun ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ọwọ́ sì kan etí. Títí ìyá mi fi kú, bí wọ́n bá ti dárúkọ Awólọ́wọ̀ níwájú rẹ̀, yóò na ọwọ́ kọjá orí. Ẹ̀ṣọ́ nìyẹn. Ìgbà tí ọkùnrin náà fi máa kúrò ní Ìbàdàn lọ sí ìjọba àpapọ̀ ní Èkó ní ìparí ọdún 1959, tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn láti oṣù Kẹwàá, kò sì sí ẹni tó ní láti bèèrè ohun tó gbé ṣe rí.

Síbẹ̀, ẹ̀ṣọ́ nìkan kò tó, ibí yìí sì ni òwe mìíràn ti wọlé: bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Nínú ìbò oṣù Kejìlá ọdún náà, hẹlikọ́pítà ni Action Group, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ tí a ń pè ní Ọlọ́pẹ, fi polongo, ṣùgbọ́n àga 73 péré ni wọ́n rí nínú 312, Awólọ́wọ̀ sì di olórí ẹgbẹ́ alátakò. Kì í ṣe èyí ló dà á dùbúlẹ̀. Ẹni tó fi ilé tì, igbákejì rẹ̀ Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá tó di Prẹ́míà lẹ́yìn rẹ̀, ni wọ́n jọ wọ̀yá ìjà: Awólọ́wọ̀ fẹ́ kí ẹgbẹ́ gbòòrò dé ẹkùn àwọn ẹlòmíràn, Akíntọ́lá fẹ́ kí a bá ìjọba àpapọ̀ ṣe pọ̀ kí oníkálùkù mójú tó ilé rẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1962, àga fò nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìbàdàn, ọlọ́pàá da tajútajú sí wọn lójú, nígbà tó sì di ọjọ́ 29, ìjọba àpapọ̀ ti kéde òfin pàjáwìrì. Ilé ni ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ kí ará òde tó wọlé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1963 wọ́n rán Awólọ́wọ̀ lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá lórí ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ mọ́ ìjọba. Akíntọ́lá náà kú ikú ìbọn ní oṣù Kìíní 1966, lẹ́yìn tí wẹ́tìẹ, rògbòdìyàn tí wọ́n ti ń da epo bẹntiróòlù síni lára kí wọ́n tó ṣáná sí i, ti sun ilé àti ènìyàn káàkiri.

N kò ní í dá ẹjọ́ wọn. Bàbá tó bí bàbá mi jẹ́ Ọlọ́pẹ, àbúrò rẹ̀ jẹ́ Dẹ́mọ, ẹgbẹ́ Akíntọ́lá, àwọn méjèèjì kò sì fọwọ́ bu oúnjẹ nínú àwo kan mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ohun kan ni mo mọ̀: Sàdáúnà, Ahmadu Bello, Prẹ́míà Ẹkùn Àríwá, jókòó sí Kàdúná, ó fi igbákejì rẹ̀, Tafawa Balewa, sílẹ̀ ní Èkó láti ṣe olórí ìjọba àpapọ̀, kò sì sí ẹni tó gba ilé mọ́ ọn lọ́wọ́. Awólọ́wọ̀ fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ó sì tún ń gba ojú fèrèsé wọlé. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1966, ilé ló tún gbà á kí Gowon, olórí ìjọba ológun, tó fi ètò ìṣúná orílẹ̀-èdè lé e lọ́wọ́ ní 1967. Nàìjíríà ja ogun abẹ́lé tán láìjẹ gbèsè òkèèrè nítorí ogun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará Ìlà-Oòrùn ní ọ̀rọ̀ kíkorò láti sọ nípa ọwọ́ tó fi ṣe é. Ìgbà tó sì di 1983 ní Ondó, igbákejì gómìnà tún ni, Akin Ọmọ́boríowó, ló kọjá sínú NPN, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, láti bá ọ̀gá rẹ̀, Adékúnlé Ajásin, du àga, iná sì tún sọ. A kì í kọ́gbọ́n.

Ẹ̀yin gómìnà tí ẹ lo ọdún mẹ́jọ tán, tí ẹ sọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà di ibi tí ẹ ti ń na ẹsẹ̀, kí ni ẹ kó lọ síbẹ̀ o? Ta ni ẹ fi ilé tì, ẹ̀yin àti ẹ̀ sì ń kí ara yín? Àwa ará ilé náà kò sì mọ́, àwa tí a ń gba báàgì ìrẹsì ní alẹ́ ọjọ́ ìbò, tí a bá sì bèèrè omi, a ó ní Ọlọ́run ló mọ̀. Ìwọ kánsẹ́lọ̀ ńkọ́? Ìwọ tí o kò lè fa omi láti inú ilẹ̀ àdúgbò rẹ, o fẹ́ fa kí ni wá láti Àbújá? Owó tí o fi tẹ pósítà yẹn tó tún ẹ̀rọ náà ṣe, yóò sì tún ṣẹ́kù. Ṣí pósítà rẹ kúrò lára àgbá omi wa. Bí o bá sì ń bọ̀ wá ṣí i, mú ọ̀bẹ dání, kí o gé ìdajì ríbọ́ọ̀nù tó kù, nítorí ojú ń ti ìyá elélùbọ́.