Ẹni Tó Bá Béèrè Ọ̀rọ̀ Ló Fẹ́ Gbọ́ Ìdí Rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá béèrè ọ̀rọ̀ ló fẹ́ gbọ́ ìdí rẹ̀. Ìdí ni wọ́n dárúkọ, wọn kò ní ọ̀rọ̀ lásán. Ìdí ọ̀rọ̀ náà ni mo fẹ́ kí a máa bá àwọn mínísítà wa dé, pàápàá àwọn tí ọ̀rọ̀ òwò àti ààbò oníbàárà wà ní ìkáwọ́ wọn, nítorí pé ojoojúmọ́ ni mẹ̀kúnnù ń náwó lọ́jà, kò sì ní ẹnu tí ó fi lè bi ìjọba léèrè ju ẹnu aṣojú tí ó dìbò fún lọ.

Ọ̀rọ̀ òwò gan-an ló wà nídìí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí a rí nínú àkọsílẹ̀ pálíámẹ́ǹtì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1720, owó ìpín ìdókòòwò kan ní ilé-iṣẹ́ oníṣòwò South Sea ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lé dé nǹkan bí 1,000 pọ́n-ùn, àmọ́ kí ọdún náà tó parí ó ti já wálẹ̀ pátápátá, ọ̀pọ̀ ènìyàn tó kó owó wọn lé e sì di aláìní. (Ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ló gba àṣẹ ní ọdún 1713 láti máa kó àwọn ọmọ Áfíríkà lẹ́rú lọ fún àwọn Sípéènì ní Amẹ́ríkà, kò yẹ kí a ka ìtàn òfò wọn kí a má rántí èyí.) Nígbà tí ọ̀ràn bẹ́, Robert Knight tó jẹ́ akápò àgbà wọn sá kúrò nílùú. Ní ọjọ́ 9 oṣù kejì ọdún 1721, Earl Cowper dìde nílé àwọn ìjòyè, ó bi ìjọba bóyá òótọ́ ni pé wọ́n ti mú ọkùnrin náà ní Brussels. Orúkọ ènìyàn kan, orúkọ ìlú kan, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹni tí a bi ríbi yà sí.

Lónìí, ilé-iṣẹ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan ní Lọ́ńdọ̀nù ló ní ọjọ́ tí mínísítà rẹ̀ gbọ́dọ̀ dìde dáhùn, yálà wàhálà wà nílẹ̀ tàbí kò sí. Kemi Badenoch, ọmọ Yorùbá, ti wà lórí ìdúró yẹn gẹ́gẹ́ bí mínísítà òwò láàárín ọdún 2022 sí 2024. Wọ́n ti máa ń fi ìbéèrè àkọ́kọ́ ránṣẹ́ ṣáájú, nítorí náà ìdáhùn sí i ti wà lórí ìwé kí mínísítà tó débẹ̀. Ìbéèrè kejì, tí aṣòfin yóò bi í láìkìlọ̀, ni agbára wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ la ti ń mọ̀ bóyá mínísítà mọ iṣẹ́ rẹ̀ tàbí ìwé ló ń kà.

Ní tiwa, abala 67 nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé mínísítà gbọ́dọ̀ wá sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin láti ṣàlàyé ìṣe ilé-iṣẹ́ rẹ̀ bí wọ́n bá pè é. Bí wọ́n bá pè é ni o. Kò sí ọjọ́ tí a yà sọ́tọ̀, nítorí náà a kì í sábà pè é àfi bí nǹkan bá ti bàjẹ́ tán. Bó bá sì dé, yóò ní ìjọba ń ṣe gbogbo ohun tó yẹ, a ó pàtẹ́wọ́, a ó sì tú ká. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀ a di odindi. Ṣùgbọ́n àbọ̀ ọ̀rọ̀ tí mínísítà bá sọ fún aráàlú, àbọ̀ náà ni yóò wà títí bí kò bá sí ẹni tó tún bi í lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ojú mi rí. Mo ra ìrẹsì kóńgò mẹ́rin lọ́jà, mo délé, mo fi kóńgò tiwa wọ̀n ọ́n, kò pé mẹ́rin. Mo padà lọ, mo ní kí ìyá náà jọ̀wọ́ dojú kóńgò rẹ̀ dé. Wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú, ó kó rìbìtì sókè nínú bí ẹ̀yìn igbá. Kò bá mi jà. Ó ní, “Mọ̀mí, kóńgò tí gbogbo wa ń lò nìyí, òun náà ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n fún èmi.” Mo gbà á gbọ́, kò sì sí ìbínú kankan nínú mi sí i.

Òfin òṣùwọ̀n ti wà láti ọdún 1974, ìjọba àpapọ̀ nìkan ni òfin sì fi ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n lé lọ́wọ́, lábẹ́ ilé-iṣẹ́ mínísítà òwò. Òfin tí ààrẹ fọwọ́ sí ní ọdún 2019, tó dá FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, sílẹ̀ náà sọ pé ọlọ́jà gbọ́dọ̀ kọ iye ọjà rẹ̀ síta, kò sì gbọdọ̀ gbà ju iye tó kọ lọ. Òfin kò wọ́n wa. Ẹni tí yóò béèrè ohun tí a fi òfin ṣe ló wọ́n.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ má kọ̀wé sí aṣojú yín pé kí ó bi mínísítà ohun tó ń ṣe sí ìrẹ́jẹ ọjà, torí pé ọ̀nà àbáyọ pọ̀ nínú ìyẹn. Èyí tí mo kọ sí aṣojú tiwa nìyí: alábẹ̀wò òṣùwọ̀n mélòó ni mínísítà rán sí àwọn ọjà ìjọba ìbílẹ̀ wa lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ wo ni wọ́n wá, kóńgò mélòó ni wọ́n sì dojú rẹ̀ dé wò?