Ọkọ̀ òfurufú kì í balẹ̀ sí Kàbà

Ẹ̀yin ará mi ní Kàbà, Ìyàrà, Ìsánlú, ọkún o.

Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé àwọn kúríà tó ń gbé ìwé lọ sókè òkun ló ń ṣe iṣẹ́ gidi, pé àwọn tó wà lọ́dọ̀ wa níbí kàn jókòó ti tábìlì ni. Ìgbàgbọ́ yìí ń ná wa lówó. Torí rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi kan fi wọ mọ́tò láti Ìsánlú dé Ìkẹjà, kó lè fọwọ́ ara rẹ̀ fún "àwọn tó ni í" ní ìwé ẹ̀rí ọmọ rẹ̀ tó ń lọ sí Kánádà. Owó mọ́tò àlọ àtàbọ̀, àìsùn òru méjì. Ó dùn mí gan-an.

Láti pápákọ̀ òfurufú kan sí òmíràn ni iṣẹ́ bàálù mọ. Ẹni tó gba ìwé lọ́wọ́ yín, tó wọ̀n ọ́n, tó gbé e kọjá láàárín àwọn tírélà sìmẹ́ǹtì ọ̀nà Ọbájánà, ẹ̀ka abẹ́lé ni. Ẹni tó máa kanlẹ̀kùn ní Toronto, ẹ̀ka abẹ́lé ti ọ̀hún ni.

FedEx gan-an, ilé iṣẹ́ kúríà tó ń gbé ẹrù káàkiri ayé, àárín Amẹ́ríkà ló ti bẹ̀rẹ̀: ní alẹ́ ọjọ́ 17 oṣù kẹrin 1973, bàálù 14, ẹrù 186 péré, ìlú 25. Ó di 1984 kó tó nasẹ̀ dé Yúróòpù àti Éṣíà.

Abẹ́lé náà ń jẹ lára òkè òkun. Láyé àtijọ́, ilé ìfìwéránṣẹ́ orílẹ̀-èdè tó ta sítáǹbù ló ń kó gbogbo owó. Wọ́n gbà pé ẹni tó gba lẹ́tà á fèsì, owó á sì dọ́gba. Kò dọ́gba. Àwọn tó ń gba lẹ́tà púpọ̀ ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Ìpàdé àwọn ilé ìfìwéránṣẹ́ àgbáyé ní Tokyo, 1969, ló pàṣẹ pé kí ẹni tó rán jù máa san owó pínpín.

Ẹ rò ó wò: páálí ti London dé, "ẹ̀yìn ọjà, Kàbà" ni àdírẹ́sì. Ọlọ́kadà kúríà ló máa pè yín pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, apá ibo lẹ́yìn ọjà?" Lára owó tí wọ́n san ní London ni owó ìpè yẹn àti epo rẹ̀. Ṣùgbọ́n páálí London kan lọ́sẹ̀ ò lè bọ́ ọ̀kadà. Àwọn lẹ́tà Lọ́kọ́ja àti Ìlọrin ló ń mú un jáde lójoojúmọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ní nígbà tí òun dé Ìkẹjà, àpòòwé kan wà níwájú tòun lórí tábìlì. Kàbà ni wọ́n kọ sí i lẹ́yìn pé ó ti wá.