Kí Nọ́ọ̀sì Wà Lẹ́yìn Fóònù: Ọ̀rọ̀ Ìsanrajù N'Íbàdàn

Téèyàn bá sanra n'Íbàdàn, ìkíni ló máa ń gbà: "Ẹ ti sanra o, ẹ ń jayé!" Kò sẹ́ni tó máa béèrè ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, téèpù aránṣọ lásán ti tó fura sí: bí ìyíká ikùn obìnrin bá ti tó 80 sẹ̀ǹtímítà, tàbí ti ọkùnrin bá tó 94, ó yẹ kó lọ ṣàyẹ̀wò. Bí ìfúnpá bá tún tó 130/85, tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ kéèyàn tó jẹun láàárọ̀ sì tó 100 mg/dL, mẹ́ta ti pàdé. Òun làwọn dókítà ń pè ní metabolic syndrome, tó ń ṣílẹ̀kùn fún ìtọ̀ ṣúgà, àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀.

Áàpù tó ń ka ìṣísẹ̀, tó sì ń ṣírò oúnjẹ ti pọ̀ lóde. A ò bẹnu àtẹ́ lù wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyá tó ń ta ata ní Bódìjà. Láti àárọ̀ ló ti jókòó ti apẹ̀rẹ̀, ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó dìde. Fóònù onítọ́ọ̀ṣì ló wà nínú àpò tó so mọ́ ìdí. Ọ̀pọ̀ áàpù wọ̀nyí ò gbọ́ Yorùbá, wọn ò sì mọ bí àmàlà àti gbẹ̀gìrì tó jẹ lọ́sàn-án ṣe pọ̀ tó.

Ohun tí a fẹ́ kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe ni pé kí téèpù, ẹ̀rọ ìfúnpá àti ti ṣúgà wà ní gbogbo ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, kí wọ́n gba nọ́ńbà ẹni tí wọ́n bá yẹ̀ wò, kí nọ́ọ̀sì sì máa pè é lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, lédè Yorùbá. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lè ránni létí oògùn. Ṣùgbọ́n kò lè bi ìyá yẹn pé kí ló dé tí kò rìn lánàá, kó sì dúró gbọ́ èsì. Àwọn dókítà sọ pé kẹ́ni tó wọn 100 kílò kàn fi 5 kílò sílẹ̀, ìfúnpá àti ṣúgà rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ẹni tó ń gba irú ìpè bẹ́ẹ̀ lè débẹ̀.

Owó ńkọ́? Òfin adójútòfò ìlera ti ọdún 2022 ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo wa, ìpínlẹ̀ yìí sì ní àjọ tirẹ̀. Kí àjọ náà fi àyẹ̀wò àti ìpè yìí kún ohun tó ń san. Ẹni tó bá ti rí ìdílé tó ta ilẹ̀ nítorí àìsàn kíndìnrín tí ìtọ̀ ṣúgà fà mọ̀ pé owó ìpè ò tó nǹkan.

Kí wọ́n sì tẹ̀lé òfin ààbò dátà ti ọdún 2023. Ìwọ̀n ara aláìsàn kì í ṣe ọjà tí a ó tà fún àwọn tó ń polówó àgbo ikùn.

Kí wọ́n fi ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìbàdàn, níbi tí Bódìjà wà, bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kí kọmíṣọ́nnà ètò ìlera gbé èsì rẹ̀ síta fún gbogbo wa.