Èsì wa sí àǹtí tó ní òògùn tó ti bàjẹ́ la tà fún òun

Àǹtí wa, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kọ̀wé. A ti kà á.

Ẹ ní ínhélà onípọ́dà fún ikọ́ fée tẹ́ ẹ rà lọ́wọ́ wa níbí n'Íjẹ̀bú-Òde ti ṣù, pé bẹ́ ẹ bá mì ín, ó ń dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀, pé ẹ ò gbọ́ ìtọ́wò kankan lẹ́nu, àti pé òògùn tí ooru ti bà jẹ́ là ń tà fáráyé. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló dùn wá jù, torí àwọn tí ò dé ọ̀dọ̀ wa rí náà ń kà á.

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún 2025, lẹ rà á. Rìsíìtì ń bẹ lọ́wọ́ wa. Turbuhaler ni orúkọ irú ínhélà náà, ẹnìkan ò tíì ṣí páálí ẹ̀, ó sì ku ju ọdún kan lọ kó tó èspáyà. Wọ́n kọ ọ́ sí i pé kò gbọdọ̀ wà níbi tó gbóná ju 30°C lọ. Òṣùwọ̀n ooru wà lára ògiri yàrá òògùn wa. Ọmọbìnrin tó ń dúró ní kántà ló ń kọ ohun tó bá kà sílẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kò sì fo ọjọ́ kankan nínú oṣù tẹ́ ẹ wá. Bí NEPA bá mú iná lọ, sólà ló ń gbé éésì yàrá yẹn. Ọmọbìnrin yìí kan náà lẹ pè ní aláìmọ̀kan.

Ohun tẹ́ ẹ gbọ́ tó ń dún yẹn kì í ṣe òògùn. Èròjà tó ń fa omi mu ni, ilé iṣẹ́ ló fi síbẹ̀ kí pọ́dà má bàa rin. Tuntun ń dún, èyí tó ti tán náà ń dún. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá òògùn ti ń tán, àmì pupa tó wà lójú fèrèsé kékeré ara ẹ̀ lẹ ó máa wò. Ní ti ìtọ́wò, pọ́dà tó ń jáde lẹ́ẹ̀kan kéré débi pé ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀ ọ́n lẹ́nu.

Ó ku ohun tẹ́ ẹ ò kọ. Nígbà tẹ́ ẹ mú un wá lọ́jọ́ 16 oṣù Kẹfà, ìṣojú àwọn oníbàárà ni apòògùn wa ti gbà á lọ́wọ́ yín. Kò ní ìdérí. Pọ́dà funfun ti gan mọ́ ẹnu ẹ̀ yíká. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ ọ́ pé láti ọjọ́ Ojúde Ọba ló ti wà nínú ọkọ̀, àti pé ẹ máa ń mí sí i kẹ́ ẹ tó fà á. Èémí tó ń jáde lẹ́nu èèyàn, omi wà nínú ẹ̀ o.

Ó yẹ kí pọ́dà yìí kéré tó máíkírọ́n 5 (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà ni máíkírọ́n kan) tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, kó tó lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Tí ọ̀rinrin bá ti kàn án, á lẹ̀ mọ́ra, ọ̀fun ló máa jókòó sí, ikọ́ fée ò sì ní gbọ́. Ará Ìjẹ̀bú ni gbogbo wa, ta ni ò mọ ohun tí ọ̀rinrin oṣù Kẹfà ń ṣe fún gààrí tí wọn ò dé? Fíríìjì náà kọ́ ni ibùgbé ẹ̀: bẹ́ ẹ bá mú un jáde, omi á sẹ̀ sí i lára. Kọ́bọ́ọ̀dù tó gbẹ nínú yàrá tó. Aṣọ gbígbẹ ni kẹ́ ẹ máa fi nu ẹnu ẹ̀, ẹ má fomi fọ̀ ọ́.

Ẹ̀bi wa kọ́, síbẹ̀ ẹ mú un wá. A ó fún yín ní tuntun lọ́fẹ̀ẹ́, apòògùn wa á sì jókòó tì yín títí ẹ ó fi fà á dáadáa. Ṣùgbọ́n bí èyí náà bá tún sun inú ọkọ̀, ibòmíràn ni kẹ́ ẹ ti lọ ra òmíì.