Ṣé lóòótọ́ ni pé oògùn peptide ò ṣeé gbé mì?

Gbogbo ibi tí wọ́n bá ti dá ọ̀rọ̀ oògùn peptide sílẹ̀ báyìí, ẹnìkan á ṣáà sọ pé abẹ́rẹ́ nìkan ló lè jẹ́, pé èyí tó bá jẹ́ oníhóró, gbájúẹ̀ ni, torí ìbátan púrótéènì ni peptide, ikùn á sì dà á bí ìgbà téèyàn jẹ ẹran.

Òótọ́ wà níbẹ̀ díẹ̀ o. Ẹ wo Fuzeon, oògùn HIV tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2003, amino acid 36, ìyẹn ẹyọ-ẹyọ ohun tí wọ́n fi ń to púrótéènì, ló tò tẹ̀ léra wọn níbẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀ dáa, ó máa ń lọ há sára gp41, púrótéènì tí kòkòrò yẹn fi ń fa ara ẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì wa, kó má lè ká jọ kó ráyè wọlé. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni wọ́n ń gún un sábẹ́ awọ, ojú abẹ́rẹ́ á le, á máa yún èèyàn, á tún máa dunni.

Ohun tí wọn ò kàn wò ni pé ìrísí peptide lọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn énsáìmù inú wa tó ń da oúnjẹ, òmíì nínú wọn á di etí ẹ̀ mú á wá máa já a láti ibẹ̀, òmíì á wá àárín ibi tó lè nà gbọọrọ wọ ẹnu ẹ̀. Tí ẹ bá wá so orí peptide yẹn mọ́ ìdí ẹ̀ kó di òrùka ńkọ́? Etí dà tí wọ́n fẹ́ dì mú?

Cyclosporine rèé. Amino acid 11, òrùka ni, inú iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n bù wá láti Nọ́wè ni Sandoz, iléeṣẹ́ oògùn kan, ti rí ohun tó ń ṣe é jáde, àti 1983 sì ni àwọn tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún ti ń lò ó, wọ́n ń gbé e mì lójoojúmọ́ kí ara wọn má bàa kọ kíndìnrín tuntun. Tó bá ti wọ sẹ́ẹ̀lì, á gbá púrótéènì kan tó ń jẹ́ cyclophilin mú, àwọn méjèèjì á jọ lọ dí calcineurin lọ́wọ́, ìyẹn énsáìmù tó ń ta àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara jí. Ta ló wá ń pe ìyẹn ní gbájúẹ̀ jàre?

Ẹ lè ní ṣebí oògùn kéékèèké tí kì í ṣe peptide pọ̀, kí ni wọ́n ń wá kiri? Ibi tí púrótéènì méjì ti ń fara kanra máa ń fẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ni, oògùn kékeré ò ní rí kòtò kankan wọ̀ sí. Púrótéènì tó ń jẹ́ PCSK9 ni kẹ́ ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ, òun ló ń mú kí ẹ̀dọ̀ pa ohun tó fi ń kó kolẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ run. Enlicitide ti Merck, òrùka náà ni, ojú ibi tí PCSK9 fi ń di ohun tẹ̀dọ̀ ń lò yẹn mú gan-an ló ń lọ bò, nínú ìdánwò tí wọ́n gbé jáde ní 2023, oògùn oníhóró ni o, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, èyí tó lágbára jù níbẹ̀ sì fa LDL, ìyẹn kolẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù burúkú, wálẹ̀ tó nǹkan bíi 60%.

Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ peptide téèyàn bá gbé mì, ìwọ̀nba táṣẹ́rẹ́ ló ń dénú ẹ̀jẹ̀. Rybelsus, oògùn àtọ̀gbẹ oníhóró, kì í tiẹ̀ ṣe òrùka, èròjà kan tó ń jẹ́ SNAC tí wọ́n pò mọ́ ọn ló ń tì í wọlé, kò sì ju 1% lọ tó ń wọlé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kẹ́ ẹ fi omi díẹ̀ gbé e nígbà tí ikùn yín ṣófo, kẹ́ ẹ dúró ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ tó jẹun. Ẹni tó ń fi ògì gbé e, owó ẹ̀ ló ń gbé mì. Ẹ má sì tìtorí ohun tí mo sọ yìí lọ da ínsúlínì inú ìgò mu o, ìyẹn, ikùn á jẹ ẹ́ tán pátápátá, ṣúgà yín ò sì ní wálẹ̀.