Pé regex kúrú kò ní kó yára

“Bátànì náà ò ju àmì méje lọ, kí ló lè mú un falẹ̀?” Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó mọ kóòdù kọ dáadáa, èmi náà sì gbà á gbọ́ fún ọdún bíi mélòó kan. Regex ni bátànì tí a ń fi àmì kọ láti wá irú ọ̀rọ̀ kan. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé regex tó bá kúrú, tó sì ti yege nínú gbogbo ìdánwò, kò lè dá wàhálà sílẹ̀ mọ́. Irọ́ ni.

Ẹ wo èyí: ^(a+)+$. Àmì méje náà nìyẹn. Ìlà tí kò ní nǹkan mìíràn ju lẹ́tà a lọ ló ń wá; àmì + túmọ̀ sí “ọ̀kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ”. Ẹ fún un ní lẹ́tà a 30 nínú èdè kóòdù Python, kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti dáhùn. Ẹ wá fi ! kan sí ìparí a 30 yẹn, ẹ ó jókòó tì í pẹ́. Gbogbo a kan tí ẹ bá tún fi kún un ń sọ àkókò ìdúró yín di ìlọ́po méjì.

Bí ẹ́ńjìnnì tó ń fi regex wá ọ̀rọ̀ nínú Python àti JavaScript, èdè kóòdù mìíràn, ṣe ń ṣiṣẹ́ ló fà á. Ó ń gba ọ̀nà kan. Bí ọ̀nà náà bá dí, á padà sẹ́yìn lọ gba òmíràn. Àmì + tó wà nínú àkámọ́ àti èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń du àwọn a kan náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀nà mẹ́jọ ni a lè gbà pín aaaa. Ti a 30 jẹ́ 536,870,912. Bí ọ̀rọ̀ bá bá bátànì mu, ọ̀nà àkọ́kọ́ ti tó. Ìgbà tí kò bá bá a mu ni ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tọ gbogbo ọ̀nà yẹn kó tó lè sọ pé rárá. Ọ̀rọ̀ tó tọ́ la sì sábà fi ń dán kóòdù wò! Ìyẹn ni ìdánwò ò ṣe ń fi nǹkan kan hàn wá.

Kò tilẹ̀ dìgbà tí àkámọ́ bá wà. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje, ọdún 2016, Stack Overflow, ìkànnì tí àwọn tó ń kọ kóòdù ti ń béèrè ìbéèrè, dákẹ́ fún ìṣẹ́jú 34 nítorí bátànì tó kàn ń gé àlàfo kúrò ní orí àti ìdí ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kan wọlé tó ní àlàfo bíi 20,000 léra wọn láàárín ìlà. Ẹ́ńjìnnì ka gbogbo wọn láti orí èkíní, ó rí i pé ìlà kò parí síbẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí èkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, títí kíkà náà fi tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 200.

Àwọn kan á ní kí a pa regex tì. Mi ò fara mọ́ ìyẹn náà. Láti 1968 ni Ken Thompson, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ti tẹ ọ̀nà kan jáde tó ń tọ gbogbo ipa lẹ́ẹ̀kan náà láì padà sẹ́yìn. Irú rẹ̀ ni èdè kóòdù Go àti Rust ń lò. Ní Python, láti ẹ̀dà 3.11, ẹ lè kọ a++, èyí tó ń gba lẹ́tà láì dá a padà. Ní ti bátànì òkè yẹn, ^a+$ lásán ti ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ní tèmi, bátànì kankan kì í kúrò lọ́wọ́ mi mọ́ láì jẹ́ pé mo ti fún un ní ọ̀rọ̀ gígùn tó bá a mu látòkè délẹ̀, àfi lẹ́tà tó kẹ́yìn.